Ilé Gààrí Tí A Padà Sí Láìránṣẹ́

Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá àjọ kan tó ń ran àwọn àdúgbò lọ́wọ́ ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó ìwé ètò. Èmi fúnra mi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Èkó. Màá fi ìlà pín in, màá kọ aago síwájú gbogbo ibi tí a fẹ́ dé, màá sì tẹ ẹ̀dà mẹ́rin jáde: ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún dírẹ́bà, ọ̀kan fún ọ̀gá mi, ọ̀kan fún èmi alára. Tèmi yìí ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù, bí ẹni pé tí mo bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ọ̀nà Ibafo yóò bẹ̀rù mi. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Ibafo kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí tíṣà àti télọ̀ náà ń mú lọ́wọ́, àlejò kan ti òkè òkun wá bá wa. Obìnrin òyìnbó ni, yóò tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà kánfáàsì ló sì wọ̀. Àwọn tó rán an wá ló ń ran àjọ wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí a ti ṣe, kó sì sọ bóyá kí a tẹ̀ síwájú tàbí kí a dáwọ́ dúró. Ọjọ́ méjì péré ló ní. Mo kọ ibi mẹ́ta sínú ètò ọjọ́ kìíní: aago mẹ́wàá, ilé ìgbẹ́ tí a kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mowe, aago méjìlá, ilé ìkàwé kékeré tí a ṣe fún àwọn ọmọdé ní Ibafo, aago méjì ọ̀sán, ilé gààrí àwọn obìnrin ní abúlé kan lẹ́yìn Ifo.

Ti Ifo yìí ló jẹ mí lógún jù. Ọdún méjì ṣáájú ni a bá àwọn obìnrin náà kọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe gààrí, a ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún wọn, a sì ra jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá bẹ gbọ́dọ̀ rí omi tí a ó fi fọ̀ ọ́, odò tí wọ́n sì ti ń pọnmi, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, àlọ nìkan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Kànga ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé bí ohun tí àlejò yìí bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kànga yóò dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ó pa fáìlì náà dé, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè lọ bẹ̀.

Olórí wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìdílé tó ni ilẹ̀ abúlé náà ló ti wá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, síbẹ̀ bó bá wúkọ́ lásán, ogún obìnrin yóò ti dìde. Bí èmi nìkan bá lọ síbẹ̀, kì í kà mí sí àlejò. Àárín wọn ni màá jókòó sí, wọ́n á ki ọ̀bẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, èmi náà á máa bẹ ẹ̀gẹ́ ní ìbẹkúbẹ.

“Ọmọ mi,” ni yóò wí, “ìwọ tó kàwé tó báyìí, ṣé ẹ̀gẹ́ lò ń bẹ ni àbí ère lò ń gbẹ́?”

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an ni.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Mowe tàbí Ibafo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mọ ohun tí ọjọ́ náà máa ń fi ojú òpópónà márosẹ̀ rí, nítorí ọjọ́ tí ayé ń wọ́ lọ síbi àdúrà àṣemọ́jú ní àgọ́ onígbàgbọ́ tó wà létí ọ̀nà náà ni. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, Jímọ̀ tèmi kì í kọjá mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa ní Èkó, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá. Kí a tó dé ìtòsí Ibafo, mọ́tò ò lọ mọ́. Àwọn ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn létí títì, ẹní lábẹ́ apá, kúlà lórí, ọmọ lẹ́yìn, orin lẹ́nu. Mo ń bínú sí aago, mo ń bínú sí oòrùn, mo sì ń bínú sí dírẹ́bà, bí ẹni pé òun ló pe gbogbo wọn jáde.

Dírẹ́bà wa, ará Ọ̀ṣun kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, wo bébà ọwọ́ mi, ó ní, “Àǹtí, ọ̀nà ò mọ̀wé kà o.”

Àlejò wa gbé ojú sí gíláàsì, ó ń wo àwọn tó ń rìn. Ó bi mí pé níbo ni gbogbo wọn ń lọ. Mo sọ fún un.

“Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà yóò dí báyìí, wọ́n sì jáde?”

“Oṣooṣù ni,” ni mo dá a lóhùn.

Ó mi orí, ó ní irú ìgbàgbọ́ báyìí, àfi kéèyàn máa wò ó. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó gbé ojú kúrò lára aago, tí mo wò wọ́n dáadáa. Ìyá arúgbó kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, bíbélì lọ́wọ́ òsì, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ṣíwájú wa lọ. Ẹnu yà mí. Láti ọdún tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, n kò wò wọ́n rí.

A dé Mowe lẹ́yìn aago méjìlá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí a wo ilé ìgbẹ́ títí àwọn ọmọ fi kọrin tán tí àwa náà sì jẹ ìrẹsì tán. Ní Ibafo, ilẹ̀kùn ilé ìkàwé wà ní títì pa. Ọkùnrin tó ń mú kọ́kọ́rọ́ ti tètè lọ gba àyè síbi àdúrà. Mo pe fóònù rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Àlejò wa gba ojú fèrèsé wo àwọn ìwé tó wà lórí pẹpẹ, kò bínú, ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo gbìyànjú láti yọjú wo ohun tó kọ, n kò rí i.

Láti ibẹ̀, a yí padà, a gba Akute àti Ajuwon bọ́ sí ọ̀nà Ifo, inú kòtò kan bọ́ sínú òmíràn, aago márùn-ún sì ti kọjá kí a tó dé abúlé náà. Láti aago kan ni àwọn obìnrin náà ti jókòó dè wá lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n wọ búbá àti ìró tó dára, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, gèlè lórí. Kò sí ẹni tó fajú ro.

Ìyanu ni ilé gààrí náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀ rẹ̀ títí sìmẹ́ńtì fi funfun. Wọ́n ti kó gbogbo eérú kúrò nídìí ààrò, wọ́n sì fi amọ̀ pupa rẹ́ ara ààrò náà lọ́tun. Wọ́n ti da agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí dojú bolẹ̀, ó ń dán. Ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ ẹ̀gẹ́ wà lórí ìṣó tuntun lára ògiri. Wọ́n nu ẹ̀ńjìnnì, wọ́n fi kọ́tìnnì olódòdó bò ó. Èèpo ẹ̀gẹ́ kan kò sí nílẹ̀. Òórùn ẹ̀gẹ́ pàápàá kò sí. Ísáàlì ni gbogbo ibẹ̀ ń rùn, bí ilé ìwòsàn.

Orí mi wú. Mo rò pé kànga ti bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ àlejò, ó kí i kú ewu ọ̀nà, ó kí i kú àárẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ọjọ́ kẹta rèé tá ò ti dáná. Ẹni tó ti òkè òkun wá, ṣé ká wá jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ tẹ èèpo ni?”

N kò túmọ̀ gbólóhùn yẹn fún àlejò. Lójú tèmi, kò sí ohun tó nílò ìtumọ̀ níbẹ̀. Ìyá tèmi náà kì í jẹ́ kí àlejò bá ìgbálẹ̀ nílẹ̀.

Àlejò wa rìn yí ilé náà ká. Ó fi ìka kan ààrò, ó wo ìka náà, kò sí èédú níbẹ̀. Ó ní ṣé a lè tan ẹ̀ńjìnnì kí òun gbọ́ ọ. Ìyá Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti da epo dísẹ̀lì inú rẹ̀ jáde nítorí òórùn. Àlejò mi orí, ó kọ nǹkan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì wọ mọ́tò.

A kò tíì dé títì tó fi bi mí pé nígbà wo ni wọ́n lo ilé náà kẹ́yìn. Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dáwọ́ dúró. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: ogún ọdún nìyí tí òun ti ń wo irú iṣẹ́ báyìí láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Òun ti rí ilé mímọ́ tónítóní tí wọn kì í ṣí àfi lọ́jọ́ tí àlejò bá wá. Lónìí yìí náà, òun ti rí ilé títì kan.

“Ohun tí ojú mi bá rí ni mo máa ń kọ,” ni ó wí. “N kò rí iṣẹ́ níbẹ̀.”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ bí a ṣe ń gba àlejò, mo sọ bí mo ṣe ń bá wọn níbẹ̀ nígbà tí mo bá dá lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Mo gbà pé o gba ohun tí ò ń sọ gbọ́,” ni ó wí.

Omi lé sí mi lójú. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí: wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ kànga wọn dànù, èmi ni mo sì dá ọjọ́ fún wọn.

Dírẹ́bà ló yọ mí. Ó ti lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé gààrí náà nígbà tí à ń kí ara wa níwájú. Ó ní lábẹ́ ọ̀rá dúdú ńlá kan, òun rí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wà láti oko, òkìtì rẹ̀ ga tó òun, òun sì rí àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí wọ́n to òkúta lé. Ìyá rẹ̀ ló fi gààrí tọ́ ọ dàgbà ní Ọ̀ṣun.

“Àǹtí, ẹ̀gẹ́ yẹn ò lè dúró di Mọ́ńdè, á bàjẹ́ ni. Èyí tó wà nínú àpò náà ti kan tó. Bá a ṣe lọ yìí, wọ́n á ti bọ́ aṣọ, wọ́n á ti padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àlejò ní òun ti rí òkìtì tí wọ́n kó sílẹ̀ fún àfihàn rí. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ló wà nínú ètò wa fún àárọ̀ ọ̀la. Mo yọ bébà mi jáde: aago mẹ́jọ, Abẹ́òkúta, a ó lọ kí àwọn aláṣẹ nílé wọn, aago mẹ́ta, pápákọ̀ òfuurufú. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó pa á pọ̀, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

“Jẹ́ ká padà wá síbí láàárọ̀,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn.”

Mo ní ó dáa. A wọ òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ifo. Nọ́ńbà fóònù ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi, òun ló máa ń bá mi jíṣẹ́ fún un. Mo mú fóònù náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kànga ni mo ń rò.

Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, a ti ń gbọ́ ẹ̀ńjìnnì láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni a rí èéfín. Nígbà tí a máa yọ sí wọn, mo dúró, mo ń wò wọ́n.

Mo ti jókòó sáàárín wọn rí, àmọ́ n kò rí wọn báyìí rí, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kó lé ara wọn lórí. Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ jókòó yí òkìtì ká, ọ̀bẹ á kan ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, èèpo á bọ́ sílẹ̀ lódindi, wọn kò sì wo ọwọ́ ara wọn. Èèpo ti bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún. Àwọn kan ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú omi lórí, àwọn kan ń padà lọ, kò sí ẹni tó dúró. Ẹ̀ńjìnnì ń gbé ẹ̀gẹ́ mì, omi ń kán lára àpò tó wà lábẹ́ jáàkì, ajọ̀ ń mì, eruku funfun wà lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ. Mo wo obìnrin kan tó ń yan gààrí, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí èéfín. Ó kàn dìde ni. Kí ó tó nàró tán, ẹlòmíràn tó gbé ọmọ pọ̀n ti bọ́ sí àyè rẹ̀, àfọ́ igbá tí wọ́n fi ń rò ó kò dúró rárá, gààrí kò sì jó. Kò sí ẹni tó pe ekejì.

Ìyá Ẹgbẹ́ wà nídìí agbada tó tóbi jù. Ó ró aṣọ mọ́ àyà, orí rẹ̀ wà láìbò, dídì irun funfun rẹ̀ ti ń tú, ẹ̀gẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lápá dé ìgbọ̀nwọ́. Ó di ojú. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ń tẹ́tí ni. Gààrí tó ṣì tutù kì í dún, ó kàn máa ń wúwo lábẹ́ igbá. Bó bá ń gbẹ, á máa dún ṣàà, ṣàà. Ó ń gbọ́ ọ títí ohùn náà fi dé ibi tó fẹ́, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ kúrò lójú iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Gbogbo ara mi bù máṣọ. Obìnrin tó lé ní àádọ́rin ọdún ń fi etí se oúnjẹ tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò jẹ ní Èkó láìmọ̀ ọ́n.

Àlejò wa ti ki bírò bọ àpò. Ó dúró sínú èèpo pẹ̀lú bàtà kánfáàsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ogún ọdún, ni ó ń wí ṣáá, ogún ọdún.

Ìgbà náà ni Ìyá Ẹgbẹ́ la ojú, tó rí wa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba àfọ́ igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a lọ. Ìyá dìde, ó fi apá méjèèjì bo àyà rẹ̀. Kò wo àlejò, èmi ló ń wò. N kò rí irú ojú yẹn lójú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ìbínú, ìtìjú ni. Ó wọ ẹ̀yìn ògiri lọ. Nígbà tó máa jáde, ó ti da ìborùn sí ara, ó ti wé gèlè, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó kí àlejò dáadáa, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí ẹ̀gbin tó bá nílẹ̀. Àlejò ní kí n sọ fún un pé òun kò rí ẹ̀gbin kankan. Mo sọ ọ́.

Ìgbà tí a fẹ́ lọ ló tó bá mi sọ̀rọ̀.

“O mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Nọ́ńbà ọmọ mi wà lọ́wọ́ ẹ?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi, mà.”

Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo. Mo ní ẹ dákun, mà, torí kànga ni. Ó ní kí n dìde, kí èéfín má kó sí mi lójú.

Àlejò wa kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa wọn, wọ́n sì gbẹ́ kànga náà kí ọyẹ́ tó dé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Àwọn obìnrin náà kò pariwo. Wọ́n kàn ń wò ó bó ṣe ń ṣàn. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí i, ó bú sẹ́kún. Ìyá Ẹgbẹ́ gbàdúrà fún àjọ wa, ó gbàdúrà fún àlejò, ó gbàdúrà fún dírẹ́bà. Ó gbàdúrà fún èmi náà, àdúrà gígùn tí kò ní àléébù kankan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún dé ibẹ̀ kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò wa, yóò ti jáde síwájú ilé rẹ̀ nínú aṣọ ìjáde. Yóò mú mi wọ pálọ̀, yóò fi mí jókòó sórí àga tó tẹ́ aṣọ funfun sí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé tíréè wá, ife gíláàsì lórí rẹ̀, omi kànga náà nínú ife. Yóò bi mí léèrè àlàáfíà ọkọ mi àti ti àwọn ọmọ. Kò pè mí ní ọmọ mi mọ́.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo ń gbọ́ ẹ̀ńjìnnì láti ẹ̀yìn ilé, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin náà. Mo dìde, mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n lọ kí wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ dá mi padà sórí àga.

“Ẹ jókòó,” ni ó wí. “Wọn ò tíì fọ ibẹ̀.”

Mo jókòó, mo sì mu omi náà.